Ọkọ̀ tí kò níwèé ní Texas: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ bọ́ǹdì

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n kan nínú ìjọ wa pè mí pé kí n wá bá òun wo Sienna tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Houston níbí. Mọ́tò náà mọ́ lójú, inú rẹ̀ ò sì ya. Dọ́là 1,800 ni wọ́n san. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni ẹni tó tà á fún wọn kó lé wọn lọ́wọ́, àti abala ìwé kan tó já nínú ìwé àkọsílẹ̀, tó kọ ọ́ sí i pé òun ti gba owó òun, tó sì buwọ́ lù ú. Táítù, ìyẹn ìwé ìjọba tó ń fi hàn pé ẹnì kan ló ni ọkọ̀, ò sí. Mo béèrè, ẹ̀gbọ́n ní, "Ó ní kí n lọ gba bọ́ǹdì, pé kò sí wàhálà níbẹ̀."

Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu àwọn èèyàn wa ju bó ṣe yẹ lọ. Lóòótọ́ ni òfin Texas fàyè gba ẹni tí ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ìwé rẹ̀ ò pé láti fi bọ́ǹdì gba táítù. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ni pé wọ́n rò pé bọ́ǹdì ń fọ ọkọ̀ mọ́.

Onígbọ̀wọ́ ni bọ́ǹdì. Gbogbo wa la mọ bí ìdúró ṣe rí ní àgọ́ ọlọ́pàá nílé: bí ẹni tí wọ́n dúró fún bá sá lọ, onídùúró ni wọ́n á dì mú, onídùúró á sì wá a kàn dé ilé bàbá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà nìyí. Ilé-iṣẹ́ tó tà á fún yín ń sọ fún ìjọba pé bí ẹlòmíì bá yọjú láàárín ọdún 3, tó sì fi hàn pé òun ló ni mọ́tò yìí, àwọn á san ohun tó pàdánù fún un. Bí wọ́n bá sì san án tán, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń bọ̀ wá gba owó wọn. Ẹni tí ọkọ̀ lè jẹ́ tiẹ̀, àti ẹni tí ẹ̀yin náà bá tà á fún, ni bọ́ǹdì ń dáàbò bò. Ẹ̀yin tí ẹ fowó rà á, kò bò yín.

Nítorí náà, ìwádìí ló yẹ kó ṣáájú. Bí ẹni tó ń ta ọkọ̀ bá jẹ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí táítù lóòótọ́, tó kàn jẹ́ pé ìwé sọnù, kí ni ẹ ń wá bọ́ǹdì kiri fún? Ẹ ní kí ó kọ fọ́ọ̀mù VTR-34, kó gba ẹ̀dà tuntun. Dọ́là 2 ni bó bá fi ránṣẹ́, dọ́là 5.45 bó bá lọ fúnra rẹ̀. Ẹ dúró kí ìwé náà dé kí ẹ tó kówó sílẹ̀. Ẹni tó ní ọkọ̀ lóòótọ́ kò ní torí owó tó kéré tó bẹ́ẹ̀ bá yín jà. Bó bá wá ń bínú, tó ń sọ pé ẹlòmíì ti ń bọ̀ wá rà á lálẹ́ òní, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì náà rà á.

Ẹ̀kejì ni VIN, ìyẹn nọ́mbà ìdánimọ̀ tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yẹn, mo fi apá ẹ̀wù nu eruku ara gíláàsì iwájú ní ọ̀dọ̀ dírẹ́bà, níbi tí àwo tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ nọ́mbà náà sí wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo kà á. Mo ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, mo ka èyí tó lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn. Méjèèjì bára mu. Èyí tí ẹ̀gbọ́n kọ sórí fọ́ọ̀mù ni kò bá wọn mu: wọ́n kọ lẹ́tà O síbi tí òdo wà. Àmì 17 ni VIN ọkọ̀ láti ọdún 1981 wá, kò sì sí I, O tàbí Q nínú wọn rárá, torí kí èèyàn má bàa ṣì wọ́n pọ̀ mọ́ 1 àti òdo ni. Àṣìkọ kékeré báyìí lè dá gbogbo ìwé yín padà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ti dáṣíbọ́ọ̀dù àti ti ilẹ̀kùn ni kò bára mu, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀, ẹ má sanwó. Ẹ tún lè lọ sórí VINCheck ti National Insurance Crime Bureau, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọkọ̀ jíjí. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ jíjí ló ń hàn níbẹ̀ o, torí àkọsílẹ̀ àwọn adójútòfò tó wà nínú ẹgbẹ́ náà ni wọ́n ń lò.

Àwọn míì ń sáré ra bọ́ǹdì kí wọ́n tó mọ iye tí ìjọba fẹ́. Fọ́ọ̀mù VTR-130-SOF lẹ ó kọ́kọ́ mú lọ sí ọ́fíìsì TxDMV, ilé-iṣẹ́ ìjọba Texas tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀, ti agbègbè yín, pẹ̀lú dọ́là 15 àti ẹ̀rí tí ẹ ní pé ẹ ra ọkọ̀. Bí wọ́n bá gbà, wọ́n á fún yín ní ìwé tó sọ iye bọ́ǹdì, ìyẹn iye tí wọ́n gbé lé ọkọ̀ náà ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n bá ní ó tó dọ́là 6,000, bọ́ǹdì rẹ̀ á jẹ́ 9,000. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já: ìdá díẹ̀ nínú 9,000 yẹn lẹ máa san fún ilé-iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ, 9,000 yẹn ni ibi tí gbèsè lè dé lọ́rùn yín. Ọkọ̀ àtijọ́ náà ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Bó bá ti pé ọdún 25, kódà bí ẹni tó ń díye lé ọkọ̀ bá ní kò tó dọ́là 4,000, 4,000 náà ni wọ́n á fi ṣírò. Lẹ́yìn tí ẹ bá ra bọ́ǹdì, ọjọ́ 30 lẹ ní láti gbé e dé ọ́fíìsì agbowó-orí kaunti. Àwọn kan á tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí títí ọjọ́ á fi kọjá.

Àwọn ọkọ̀ kan wà tí bọ́ǹdì ò ràn. Èyí tí ẹjọ́ wà lórí rẹ̀, èyí tí kò ní ẹ́ńjìnì tàbí férémù, èyí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ pé kò ṣeé tún ṣe mọ́. Èyí tí ẹnì kan pa tì sínú ọgbà yín náà wà níbẹ̀. Ti ọlọ́pàá nìyẹn, wọ́n ní ìlànà tiwọn fún un.

Ọ̀rọ̀ irọ́ wá kù. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń kọ́ èèyàn pé kó kọ ọ́ pé ẹ̀bùn ni, tàbí pé ẹni tó tà á ti kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Irọ́ lórí ìwé táítù ní Texas lè gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n ọdún 10 àti owó ìtanràn 10,000 dọ́là. Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi irú èyí ṣeré rárá. Àwọn míì ṣì ń pín ọgbọ́n Vermont fún ara wọn, pé wọn á forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Vermont ti ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ àwọn ará ìpínlẹ̀ míì láti ọdún 2023.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọkọ̀ ránṣẹ́ sí Èkó tàbí Kùtọnu, ẹ má sanwó ọkọ̀ ojú omi ṣáájú táítù. Kọ́sítọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà fẹ́ rí ọkọ̀ àti táítù rẹ̀ ní pọ́ọ̀tù, ó kéré tán wákàtí 72 kí ọkọ̀ tó lọ.

Ní ti Sienna ẹ̀gbọ́n wa, gbèsè báǹkì ló wà lórí rẹ̀. Bí gbèsè tó wà nínú àkọsílẹ̀ ọkọ̀ ò bá tíì pé ọdún 10, àfi kí ẹni tó yáni lówó kọ̀wé pé òun ti yọwọ́ kí wọ́n tó lè gba bọ́ǹdì. Ẹ̀gbọ́n pe báǹkì láti béèrè ìwé náà, báǹkì ní ẹni tó yá owó ò tíì san án tán. Nọ́mbà ẹni tó ta ọkọ̀ ò sì lọ mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ tí wọ́n rà á sí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n pe báǹkì, ẹ̀gbọ́n ti pààrọ̀ bírékì, wọ́n ti ra táyà tuntun mẹ́rin sí i. Nígbà tí ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀ dé láti ọ̀dọ̀ báǹkì, ẹ̀gbọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú rìsíìtì táyà lọ́wọ́, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ dírẹ́bà náà bóyá òun lè tú wọn.