Bí a ṣe ń di olùkọ́ ajá ní Ìbàdàn

Kò sí oníbàárà tó béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ mi rí. Iye tí mo máa gbà ni wọ́n máa ń bi mí, àti bóyá ajá náà á burú dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ṣéènì àti pàṣán fi ń pe ara ẹ̀ ní olùkọ́ ajá, láti Òjóò dé Challenge. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ìjọba ò sọ ìwé àṣẹ di dandan fún iṣẹ́ yìí. Àmọ́ láti ọdún 2001 ni àjọ kan tó ń jẹ́ CCPDT ti ń ṣe ìdánwò fáwọn olùkọ́ ajá, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ti fi wákàtí 300 kọ́ ajá láàárín ọdún 3 tó ṣáájú. Ẹ gbàgbé ìdánwò ná, wákàtí yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá.

Ẹ ra ìwé kan tí ẹ ó máa kọ ọ́ sí: ọjọ́, orúkọ ajá, ohun tẹ́ ẹ kọ́ ọ, ìṣẹ́jú tó gbà. Ajá ìbílẹ̀ àdúgbò ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Orí wọn pé ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Àárọ̀ ni a ń kọ́ ajá, kí aago mẹ́jọ tó lù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ká sinmi. Ẹni tó bá mú ajá jáde lọ́sàn-án, ọ̀dà títì á jó o lẹ́sẹ̀.

Irinṣẹ́ ò pọ̀. Okùn gígùn tí ò ń gé èèyàn lọ́wọ́, bẹ́líìtì ọrùn tó fẹ̀, àti ẹ̀dọ̀ màlúù tẹ́ ẹ bọ̀ láìfi iyọ̀ sí, tẹ́ ẹ gé wẹ́wẹ́ bíi hóró ẹ̀wà. Ẹ má fi súyà ṣe é o, àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Àwọn kan ń ra nǹkan kékeré kan tó ń dún "ta!" láti fi sọ fún ajá pé ó ṣe é dáadáa. Bírò títẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Èmi kì í fọwọ́ kan ajá tí mi ò bá tíì rí káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀. Wọ́n ń gún un nílé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn. Kí ẹ̀yin náà gba tiyín. Bí ajá bá gé yín jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ tó gba ọsibítù lọ. Ẹ má da epo pupa sí i.

"Jókòó", "dúró" àti "wá" ò le. Kí ẹ̀dọ̀ ti dé ẹnu ajá ní kété tó bá ṣe é, kí gbogbo ilé sì máa lo ọ̀rọ̀ kan náà.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ rèé: ajá tó ń kùn. Ọ̀rọ̀ ló ń sọ, pé "Má sún mọ́ mi mọ́." Ìgbátí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń dá a lóhùn. Ajá á dákẹ́ lóòótọ́, wọ́n á sì gbowó wọn. Àmọ́ ẹ̀rù tó ń mú un kùn ṣì wà nínú ẹ̀, ohùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n pa.

Wọ́n pè mí wo Boerboel kan, irú ajá ńlá kan, ní Àkóbọ̀. Wọ́n ti nà án títí tó fi jáwọ́ nínú kíkùn. Wọ́n gbé ẹ̀bà àti orí ẹja síwájú ẹ̀. Lójijì ó dá jíjẹ dúró, orí ẹ̀ ṣì wà nínú abọ́, ara ẹ̀ le gbagidi, funfun ojú ẹ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Alhájì tó ni ajá náà ní, "Ṣẹ́ ẹ rí i, kò kùn mọ́." Mo ní, "Alhájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira." Àbúrò wọn tó ń gbé omi bọ̀ ò gbọ́. Ajá náà ò kùn, kò gbó. Ó kàn bu ọwọ́ ọmọkùnrin náà jẹ ni.

Ohun tí à ń ṣe nìyí. Ẹ wá ibi tẹ́ ẹ lè dúró sí tí ajá á máa jẹun lọ láìdá ara le, ì báà jẹ́ ẹnu géètì. Ẹ ju ẹ̀dọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, kẹ́ ẹ yí padà lọ. Ẹ tún wá, ẹ tún jù ú. Ọjọ́ tó bá gbórí sókè tó ń wá ọwọ́ yín, tí ìrù ẹ̀ dẹ̀, ẹ fi ìdajì ìṣísẹ̀ sún mọ́ ọn. Bó bá tún kùn, ẹ ti kánjú nìyẹn; ẹ padà sẹ́yìn, ẹ má bá a wí. Ẹ má gba abọ́ lẹ́nu ẹ̀ láti fi hàn án pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Ti Àkóbọ̀ yẹn gbà mí ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, a sì kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko ná, torí eyín tàbí etí tó ń dun ajá lè máa mú un kùn.

Àwọn tó ń fi ata sóúnjẹ ajá, tí wọ́n ń tì í mọ́ òkùnkùn kó lè burú, mi ò kì í gba iṣẹ́ wọn. Inú rírun lata ń fún un, kò kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣọ́lé.

Owó ńkọ́? Ìdajì ni mò ń gbà kí n tó so okùn mọ́ ajá lọ́rùn. Ìyókù di ọjọ́ tí olówó ajá bá fẹnu ara ẹ̀ pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì wá.