Root canal ni eyín mi ń fẹ́, apakòkòrò ni wọ́n ń kọ fún mi

Owó root canal, ìyẹn iṣẹ́ tí wọ́n fi ń ha inú eyín kí wọ́n tó dí i, dùn mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí mo ti ná kí àwọn dókítà eyín tó gbà pé òun ló kàn ló dùn mí dọ́kàn. Oògùn apakòkòrò (antibiotic), òmíràn tó le jù ú lọ, lẹ́yìn náà wọ́n tún dí eyín tí kò ṣe nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀, àmì wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi omi tútù wò ó. Bí eyín bá ta yín, tó sì dákẹ́ ní kété tí omi kúrò lẹ́nu, dídí ihò rẹ̀ lè tó. Tèmi kì í dákẹ́. Ó máa ń ro mí ju 30 ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Ohun gbígbóná tún burú jù. Bí mo bá sì fẹ̀yìn lélẹ̀ lóru, á máa lù kì, kì, kì láìjẹ́ pé mo jẹ nǹkan kan. Inú eyín ni iṣan àti ẹ̀jẹ̀ wà, ara eyín kì í sì fẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá wú, kò ríbi wú sí, ẹ̀jẹ̀ á há, inú eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Apakòkòrò tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e kiri, báwo ló ṣe fẹ́ débẹ̀?

Èwo gan-an ni eyín náà? Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá mi dúró. Òkè ni mo ti ń gbọ́ ìrora, ìsàlẹ̀ ni àrùn wà. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn: ìrora eyín ìsàlẹ̀ lè dún lókè, kódà nínú etí, àmọ́ kì í sọdá sí ẹ̀gbẹ́ kejì ẹnu. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ eyín mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ eyín òkè ni wọ́n gbẹ́. Wọ́n ya X-ray, wọ́n ní kò sí nǹkan. X-ray kì í fi iṣan tó wú hàn. Egungun ìdí gbòǹgbò ló ń fi hàn, egungun náà á sì ti jẹ dáadáa kó tó yọjú síbẹ̀.

Nígbà tó yá, ìrora lọ lójijì. Wọ́n ní oògùn ti ṣiṣẹ́. Irọ́ ni! Inú eyín ló kú. Kókó kékeré kan yọ sí èrìgì, ó ń tu ọyún, jíjẹ nǹkan sì di ìyà.

Dókítà mìíràn ló fi òwú tó tutù bíi yìnyín kan eyín kọ̀ọ̀kan, ó ti orí èyí tó yá bẹ̀rẹ̀ kó lè mọ bí ara mi ṣe ń dáhùn. Eyín tó ń pariwo tẹ́lẹ̀ kò gbọ́ òtútù mọ́ rárá. Ó fi ìdí dígí kékeré rẹ̀ kàn án, mo fò. Ọ̀rọ̀ bùṣe! Àyẹ̀wò tí kò gba àkókò rárá. Ẹ bèèrè fún un kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ eyín yín.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò le: wọ́n ta rọ́bà yí eyín ká, wọ́n ha inú rẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n dí i. N kò mira.

Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú pẹ̀lú ibà, tàbí tí itọ́ kò ṣeé gbé mì, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Ibẹ̀ ni apakòkòrò ti wúlò, pẹ̀lú fífa ọyún jáde. Ẹ sì bèèrè owó ìdérí (crown, ìbòrí tí wọ́n ń fi dé eyín) mọ́ ti root canal lẹ́ẹ̀kan náà, torí eyín ẹ̀yìn tí wọ́n ti ha inú rẹ̀ máa ń tètè là bí wọn ò bá dé e. Ẹnikẹ́ni ò sọ ìyẹn fún mi títí mo fi san ti àkọ́kọ́ tán.