Tí ibi iṣẹ́ bá pè yín sí ìpàdé nígbà tí dókítà ti ní kí ẹ sinmi nítorí másùnmáwo

Ìwé dókítà kò dí ọ̀gá yín lọ́wọ́ láti pè yín sí ìpàdé. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní Ìlú Ọba ni kò mọ èyí. Wọ́n rò pé tí fit note, ìyẹn ìwé tó sọ pé ara èèyàn ò gba iṣẹ́, bá ti wà nílẹ̀, ilé iṣẹ́ ò gbọdọ̀ bá àwọn sọ ohunkóhun mọ́. Wọn a pa fóònù, wọn a sì fi ímeèlì sílẹ̀ láìdáhùn. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́, torí ilé iṣẹ́ tó ti pe èèyàn léraléra láìrí èsì lè jókòó láìsí i, kí wọ́n sì fi ìwọ̀nba ohun tó wà lọ́wọ́ wọn pinnu. Kí ẹ má lè lọ yàtọ̀ sí kí ẹ má dáhùn. Ẹ lè sọ pé ara yín kò gba ìpàdé lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì fi ímeèlì sọ ọ́.

Kí ẹ tó dá wọn lóhùn, ẹ yẹ ìwé yín wò. Ọjọ́ 7 àkọ́kọ́, títí kan òpin ọ̀sẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kọ ọ́ pé ara yín ò yá. Lẹ́yìn ìyẹn, fit note ni. Láti oṣù keje ọdún 2022, kì í ṣe dókítà nìkan ló lè fún yín: nọ́ọ̀sì, apòògùn àti physiotherapist náà lè kọ ọ́. Láàárín oṣù 6 àkọ́kọ́, ẹyọ kan kò lè ju oṣù 3 lọ. Ẹ béèrè fún tuntun ní bí ọjọ́ mélòó kan kí ti tẹ́lẹ̀ tó tán, torí ọjọ́ kan ṣoṣo tí ìwé ò bò lè di ìsáǹsá lójú ilé iṣẹ́.

Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ pẹ̀lú. Másùnmáwo fúnra rẹ̀, ìnira tí ẹrù tó pọ̀ jù ń fà ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àníyàn tó ti di àìsàn tàbí ìdààmú ọkàn tó le máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Tí dókítà bá ti sọ èyí fún yín, ẹ ní kó kọ ọ́ síwèé. Ìdí ni pé òfin Equality Act ti ọdún 2010 ń dáàbò bo ẹni tí àìsàn ara tàbí ti ọpọlọ ń dí lọ́wọ́ gidigidi nínú ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́, tó sì ti pé oṣù 12 tàbí tó ṣeé ṣe kó pé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí òfin yìí bò, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe àtúnṣe tó bọ́gbọ́n mu fún un, àtúnṣe sí bí ìpàdé yóò ṣe rí sì wà lára rẹ̀.

Ẹ wá ka lẹ́tà ìpàdé náà dáadáa. Tó bá jẹ́ welfare meeting, wọ́n fẹ́ mọ bí ara ṣe rí ni. Tí ẹ bá rí i nínú rẹ̀ pé ìpàdé náà lè yọrí sí ìwé ìkìlọ̀ tàbí pé wọ́n lè lé yín kúrò níṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní kékeré. Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, òfin ọdún 1999 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti mú aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ dání. Tí ọjọ́ náà ò bá rọrùn fún ẹni yẹn, ẹ lè dábàá ọjọ́ mìíràn láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5. Welfare meeting kò ní ẹ̀tọ́ yẹn nínú òfin, àmọ́ ẹ béèrè síbẹ̀. Ẹ lè béèrè pé kí ọkọ, ìyàwó tàbí ọ̀rẹ́ bá yín jókòó. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló máa ń gbà.

Nínú ímeèlì tí ẹ fi máa dáhùn, ẹ béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí: kí wọ́n fi ìbéèrè wọn ránṣẹ́ ṣáájú, kí ìpàdé má ju ìṣẹ́jú 30 lọ, kó jẹ́ orí fóònù tàbí níbi tí kì í ṣe ọ́fíìsì yín, kí ẹ lè sinmi láàárín. Tó bá jẹ́ pé máníjà yín gan-an ló ń fa àìsàn náà, ẹ ní kí ẹlòmíràn darí ìpàdé. Tí ara ò bá gbà á rárá, ẹ bẹ dókítà kó kọ ọ́ pé ẹ ò lè wá sí ìpàdé, torí ìwé tó ní ẹ ò lè ṣiṣẹ́ kò sọ ìyẹn. Ẹ sì lè dáhùn ìbéèrè wọn lórí ìwé.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ojú ìwé kan péré, ẹ má jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀. HSE, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò níbi iṣẹ́, pín ohun tó ń fa másùnmáwo sí ọ̀nà 6: bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó, agbára tí òṣìṣẹ́ ní lórí bó ṣe ń ṣe é, ìrànlọ́wọ́, àjọṣe, mímọ ojúṣe ẹni, àti àyípadà. Ẹ mú èyí tó kàn yín níbẹ̀, kí ẹ fi ọjọ́ àti iye tì í. “Iṣẹ́ ti pọ̀ jù” kò lè ràn yín lọ́wọ́. “Àwọn méjì fi iṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù kẹta, wọn ò rọ́pò wọn, àwọn tí mò ń tọ́jú sì kúrò ní 8, wọ́n di 14” ni wọn ò ní lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní ìsàlẹ̀, ẹ béèrè fún stress risk assessment. Òfin mú un ní dandan fún ilé iṣẹ́ láti yẹ ewu tó lè ṣe òṣìṣẹ́ ní jàǹbá wò, másùnmáwo sì wà lára rẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú ìpàdé ni “Báwo lara?” Àwa Yorùbá, ẹnu wa ti mọ́ “A dúpẹ́.” Ẹ má dá wọn lóhùn bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tó ń kọ̀wé níbẹ̀ lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara yín ti yá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni kí ẹ sọ: wákàtí mélòó lẹ ń sùn, ohun tí ẹ ò lè ṣe mọ́, oògùn tí ẹ ń lò tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Ìkejì ni ọjọ́ tí ẹ máa padà. Ẹ má tìtorí ìtìjú dá ọjọ́ tí dókítà ò bá yín dá. Ẹ ní, “Ìwé mi máa tán lọ́jọ́ báyìí, mo máa rí dókítà kó tó tán, màá sì jẹ́ kí ẹ gbọ́.” Tí wọ́n bá béèrè ohun tó lè ràn yín lọ́wọ́, ẹ na ojú ìwé yẹn sí wọn.

Tí wọ́n bá dárúkọ Occupational Health, ìyẹn àwọn onímọ̀ ìlera tó ń gba ilé iṣẹ́ nímọ̀ràn lórí àìsàn òṣìṣẹ́, ẹ gbà, torí ìmọ̀ràn wọn sábà máa ń gba àtúnṣe fún òṣìṣẹ́. Ẹ ní kí ẹ kọ́kọ́ rí ìwé tí wọ́n máa kọ. Tó bá jẹ́ dókítà yín ni wọ́n fẹ́ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ yín lábẹ́ òfin ọdún 1988, ẹ sì ní ọjọ́ 21 láti ṣètò bí ẹ ṣe máa kà á kó tó lọ.

Ẹ má fi iṣẹ́ sílẹ̀ nínú ìpàdé yẹn, bó ti wù kí inú bí yín tó. Tí wọ́n bá gbé owó síwájú yín pé kí ẹ fọwọ́ síwèé kí ẹ máa lọ, ẹ ní ẹ máa mú un lọ sílé. Àdéhùn settlement tó fẹ́ gba ẹ̀tọ́ yín láti pẹjọ́ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ àfi tí agbaninímọ̀ràn lórí òfin tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ bá ti ṣàlàyé rẹ̀ fún yín.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹ kọ ohun tí ẹ jọ sọ, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn. Tí àkọsílẹ̀ tiwọn bá dé tó sì yàtọ̀, ẹ tọ́ka sí ibi tó ti yàtọ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ní ti owó, SSP, ìyẹn owó àìsàn tí òfin ní kí ilé iṣẹ́ san, kì í ju ọ̀sẹ̀ 28 lọ. Tó bá ń tán lọ, ẹ gba fọ́ọ̀mù SSP1 lọ́wọ́ wọn kí ẹ lè béèrè fún owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba: ESA, tàbí Universal Credit tí físà yín bá gbà á. Ìsinmi ọdọọdún yín ṣì ń pọ̀ sí i bí ẹ ṣe wà nílé. Tí ẹ bá máa padà díẹ̀díẹ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ bóyá wọ́n máa san owó wákàtí tí ẹ ò ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí físà Skilled Worker, òfin tó ní kí ilé iṣẹ́ dáwọ́ sponsorship dúró fún ẹni tí kò gba owó fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ 4 lọ lọ́dún yọ ìsinmi àìsàn sílẹ̀. Ìdí pàtàkì nìyí tí ìwé yín ò fi gbọdọ̀ ní àlàfo.

Tí èrò àtipa ara yín bá wọlé nígbàkigbà, ẹ pa ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tì, kí ẹ pe 111 kí ẹ tẹ 2 tí ẹ bá wà ní England, tàbí 116 123 ti Samaritans, àjọ tó ń tẹ́tí sí ẹni tí ìdààmú bá, tọ̀sán-tòru.

Tí wọ́n bá lé yín kúrò níṣẹ́, ẹ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí wọn, kí ẹ sì pe Acas, àjọ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, lórí 0300 123 1100 lọ́sẹ̀ yẹn kan náà. Ọjọ́ tí òfin fún yín láti lọ sí tribunal, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́, ti ń kà láti ọjọ́ tí iṣẹ́ ti bọ́, kò sì ní dúró de ìdáhùn ilé iṣẹ́.