Irin Ẹnu Bíléèdì Katakata: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Ń Jẹ Páànù

Ilẹ̀ yangí tí katakata ń ha ní agbègbè Abẹ́òkúta, pàápàá lápá Ọ̀dẹ̀dá, ń jẹ irin bíi fáìlì tí a fi ń lọ irin. Òkúta funfun wẹ́wẹ́ tó wà nínú rẹ̀ le ju irin lásán lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi bóòtì de irin ẹnu mọ́ bíléèdì: kí irin yẹn máa jẹ, kí páànù ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn ara bíléèdì fúnra rẹ̀, má baà jẹ.

Àṣìṣe tó ń náni lówó jù ni kí a lò ó títí irin ẹnu fi tán. Ẹ fi téèpù wọn igun méjèèjì àti àárín. Ibi tí irin ẹnu ti kù díẹ̀ jù ni kí ẹ wò, ẹ má wo ibi tó ṣì ga; bó bá ku sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ sí etí páànù, ẹ má lò ó mọ́ bẹ́ẹ̀. Bí páànù bá jẹ pẹ́nrẹ́n, ihò bóòtì á fẹjú, irin tuntun kò sì ní jókòó mọ́. Ọ̀pọ̀ irin ẹnu ló ní ojú méjì, tí a lè tú kí a sì dorí rẹ̀ kodò. Ẹni tó bá jẹ́ kó jẹ dé ihò ti sọ ojú kejì tó ti sanwó rẹ̀ nù.

Ẹ má wọ abẹ́ bíléèdì tí háídróòlíìkì, ìyẹn agbára epo inú rọ́bà, nìkan gbé dúró. Rọ́bà tó bẹ́ lójijì kì í kìlọ̀. Ẹ kó ìtì igi tó nípọn sábẹ́ rẹ̀, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ lé e lórí, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò ẹni tó ń ṣiṣẹ́.

Àwọn wẹ́dà kan máa ń gé síprín tírélà, wọ́n á jó o mọ́ bíléèdì pẹ̀lú electrode (ọ̀pá wẹ́dìn) 6013. Síprín le, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ojú jíjó rẹ̀ á gan, bó bá sì kọlu òkúta, odindi rẹ̀ á já. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ kọ́kọ́ yá a níná dé bíi 200 °C, ẹ lo electrode 7018 tó gbẹ, ẹ bo ó mọ́ inú eérú kó tutù díẹ̀díẹ̀. Omi kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ẹ yọ orí bátìrì kí ẹ tó jó o, ẹ sì fi okùn ilẹ̀ wẹ́dìn mú ìtòsí ibi tí ẹ ń jó, kí iná má gba inú bẹ́rìn kọjá.

Bóòtì lásán tí orí rẹ̀ yọ síta kì í pẹ́. Òkúta á ha orí rẹ̀ kúrò. Èyí tí orí rẹ̀ rì wọnú irin, tí ọrùn rẹ̀ ní igun mẹ́rin, tó sì ní àmì ilà mẹ́fà tàbí 10.9 lórí, ni ẹ rà, tuntun pẹ̀lú irin tuntun. Èyí tó bá dípẹtà, ẹ lọ nọ́ọ̀tì rẹ̀ kúrò. Iná gáàsì lè ba ihò oníhà mẹ́rin jẹ́. Ẹ ha ìpẹtà kúrò lójú páànù. Ẹ di bóòtì láti àárín lọ sí igun, kí ẹ tún un dì lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ kìíní, torí irin á ti jókòó, bóòtì á sì ti dẹ̀ díẹ̀.

Irin tuntun gùn ju ti àtijọ́ lọ, ó sì máa wọlẹ̀ jù. Ẹ gbé bíléèdì sókè díẹ̀ kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀nà.