Tí Irú Bá Tán Lókè Òkun: Nǹkan Tẹ́ Ẹ Lè Fi Rọ́pò Nínú Ọbẹ̀

Ẹ̀yin ìdílé wa n'Íléṣà tọ́mọ yín ti wà lókè òkun àbí tó ń palẹ̀ mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Báàgì kan ò lè gba gbogbo Ọjà Àtàkúnmọ̀sà, ẹran gbígbẹ àti wàrà sì rèé, Yúróòpù àti Ìlú Ọba ò gbà kéèyàn gbé e wọlé látọ̀dọ̀ wa.

Kẹ́ ẹ tó wá arọ́pò, ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí nǹkan yẹn ń ṣe nínú ìkòkò. Ṣé ó ń ta ni, ṣé ó ń jẹ́ kọ́bẹ̀ ki ni, àbí àwọ̀ ló ń fún un? Ohun tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn lẹ máa wá.

Ata rodo ò le, habanero tí wọ́n ń tà níbẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Tàtàṣé gan-an ni wàhálà, torí tiwọn tóbi, omi ló kún inú ẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Leeds n'Ìlú Ọba, mo lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ tòmátò agolo méjì, mo dà á sínú òróró gbígbóná bá a ṣe ń ṣe nílé, wákàtí kan kọjá ó ṣì ń hó, ó kan gógó, kò ta sánsán bí ata díndín rárá. Báyìí, mo máa ń la tàtàṣé sí méjì, màá yọ kóró ẹ̀, màá tò ó sínú oven títí ẹ̀yìn ẹ̀ á fi dúdú díẹ̀, kí n tó lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà màá sè é lásán láìsí òróró, títí tí n bá fi ṣíbí fa ìlà nísàlẹ̀ ìkòkò, tí ọ̀nà yẹn á là gbòò tómi ò ní sáré padà bò ó. Ìgbà yẹn ni òróró àti àlùbọ́sà tó pọ̀ dáadáa á wọlé, ẹ dín in títí òróró á fi léfòó.

Irú ńkọ́? Ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Ṣáínà máa ń ní ẹ̀wà sóyà dúdú tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́ títí tó fi kẹ̀, ẹ ṣàn án, kẹ́ ẹ gún un. Miso àwọn ará Japan, ìyẹn ẹ̀wà sóyà kíkẹ̀ tí wọ́n lọ̀, náà dáa, ṣíbí kan, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti sọ ọbẹ̀ kalẹ̀. Méjèèjì níyọ̀ gan-an o, ẹ tọ́ ọbẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó fi magí sí i.

Ewédú ò nílò arọ́pò, ṣọ́ọ̀bù Lárúbáwá ní in nínú fírísà, molokhia ni wọ́n ń pè é. Kóró elégédé tí wọ́n ti bó lẹ lè lọ̀ fún ẹ̀gúsí, àwọ̀ ọbẹ̀ á kàn fẹ́ jọ ewé ni.

Ẹ má yọ́ epo pupa fún ayamáṣe nínú yàrá kékeré níbẹ̀, èéfín á mú kí aláàmù pariwo, epo lè gbiná. Tó bá gbiná, ẹ ò gbọdọ̀ da omi sí i, ẹ pa sítóòfù, kẹ́ ẹ fi ọmọrí dé e.

Ti nǹkan tá a máa dà sórí sàláàdì: ẹ tẹ pupa ẹyin sísè méjì, ẹ fi fínígà ṣíbí kan àti iyọ̀ díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ máa kán òróró sí i díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa rò ó títí tó fi máa ki. Mo ní kẹ́ ẹ sè é torí ẹyin tútù lè ní kòkòrò salmonella. Yógọ́ọ̀tì tí ò ní ṣúgà, ẹ̀pà lílọ̀, ata gígún àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ náà dùn lórí kábéèjì. Ẹ kọ́kọ́ bi àlejò bóyá ẹ̀pà ò bá a lára mu, torí ó lè dí ẹlòmíì lọ́nà ọ̀fun.

Ata díndín ò gbọdọ̀ ju ọjọ́ mẹ́rin lọ nínú fíríìjì, ìyókù fírísà ni. Aáyù tútù tẹ́ ẹ rẹ sínú òróró ò gbọdọ̀ wà níta rárá, májèlé botulism lè wà nínú ẹ̀ láìrùn, ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́rin látinú fíríìjì.

Ẹ̀yin ìyá tó wà nílé, irú wóró lẹ máa sá sóòrùn títí tó fi máa gbẹ kanrankanran, ẹ dì í ní ọ̀rá mẹ́ta torí òórùn ẹ̀, kọ́mọ sì wo òfin ìlú tó ń lọ kó tó gbé e. Tó bá débẹ̀, kó fi omi gbígbóná rẹ ẹ́, á padà rọ̀.