Bí Mo Ṣe Dá Karahun Ahun Tó Di Òkúta Mọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ lọ́nà Sókótó ló gbé àpò kékeré kan wá bá mi ní Tankẹ, n'Ílọrin. Òkúta mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. "Àbúrò, wò ó, ṣé egungun kọ́ nìyí?" Wọ́n ní àwọn ṣà á ní Goronyo àti Dange. Kò yà mí lẹ́nu: akọ òkúta Ìlọrin tiwa kì í ní egungun nínú, àmọ́ òkun ti bo ilẹ̀ Sókótó rí.

Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó gbẹ ni mo fi gbá eruku ara wọn. Mi ò jẹ́ kí omi kàn wọ́n, torí èyí tó bá ti sán lè fọ́ yángá. Mo wá yẹ ojú ibi tí wọ́n ti kán wò. Mẹ́rin ò ní ihò kankan. Òkúta lásán ni. Inú márùn-ún yòókù ní ihò wẹ́wẹ́ bíi ti búrẹ́dì: egungun nìyẹn.

Wọ́n jọ karahun, ṣùgbọ́n jíjọ nìkan ò tó. Mo lọ ra karahun ahun lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́wé ọmọ kan ní Ọjà Ọba, mo rẹ ẹ́ sómi títí ìpẹ́ òkè rẹ̀ fi bọ́. Ohun tí mo rí wú mi lórí gan-an! Oríṣi ìlà méjì ló wà lára egungun náà: ọ̀kan rí bí eyín ayùn, níbi tí egungun kan ti wọnú èkejì, ìkejì jẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí etí ìpẹ́ jókòó sí. Lọ́pọ̀ ibi, wọn kì í gba ojú kan náà, ńṣe ni wọ́n ń dábùú ara wọn. Nínú, egungun ìhà lẹ̀ mọ́ karahun bí igi àjà.

Mo gbé èyí tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Eyín ayùn wà létí, kòtò dábùú u, ìhà hàn nínú. Karahun ahun ni! Méjì mìíràn rí bẹ́ẹ̀. Ìkẹrin ní ihò kòtòkòtò lójú, àárín rẹ̀ sì yọ sókè bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ: ti ẹ̀yìn ọ̀nì nìyẹn. Ìkarùn-ún ti fọ́ jù.

Ọdún 1979 ni Halstead, onímọ̀ nípa egungun ayé àtijọ́, sọ ahun òkun kan tí wọ́n rí ní Sókótó ní Sokotochelys, àmọ́ mi ò jẹ́ sọ pé òun nìyí. Ibi tí a ti ṣà á gan-an ṣe pàtàkì: egungun Goronyo lé ní mílíọ̀nù 66 ọdún, ti Dange ò tó bẹ́ẹ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ ṣà ní Goronyo?" Wọ́n ní eléyìí tó tóbi ni, létí dáámù, ìyókù, àwọn ti dà wọ́n pọ̀ sápò kan náà. Ó dùn mí wọra.

Mo fi bébà wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kọ "Goronyo, etí dáámù" sára èyí tó tóbi. Lára egungun mẹ́rin tó kù, "Sókótó" nìkan ni mo rí kọ.