Bí mo ṣe wádìí tíṣà kí n tó gbà á sílé

Nígbà tí ìṣirò bẹ̀rẹ̀ sí í le fún ọmọ mi obìnrin, mo ní mo máa wá tíṣà tí yóò máa wá kọ́ ọ nílé. Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ ní ọ̀gá tó ń ṣọ́ ọ. Ẹni tí èèyàn bá fúnra rẹ̀ gbà, ọrùn òbí ni ìwádìí rẹ̀ wà, ìbáà ṣe ìṣirò ló ń kọ́ ọmọ, ìbáà ṣe dùùrù tàbí òwẹ̀.

Orúkọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ẹni tó fẹ́ iṣẹ́ náà mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ wá, kó má ṣe fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù. Mo kọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀, mo sì bi í bóyá ó ti jẹ́ orúkọ mìíràn rí, torí orúkọ tí kò pé lè sọ gbogbo ìwádìí yòókù di òfo.

Ó kan àkọsílẹ̀ ìjọba, èyí tó yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú. Ní England àti Wales, ètò tí wọ́n ń pè ní Sarah's Law ti kárí láti ọdún 2011: òbí lè bi ọlọ́pàá bóyá ẹni tó ń sún mọ́ ọmọ òun ti ṣe ọmọdé níṣekúṣe rí. Ní Amẹ́ríkà, ojú kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni èèyàn ti lè wá orúkọ nínú ìwé àwọn ọ̀daràn bẹ́ẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, náà ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2019. Mo lo èyí tó wà níbi tí mo ń gbé, mo sì tún gba ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá. Ó mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ ti tẹ èèyàn lé lórí nìkan ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi ọ̀pọ̀ àkókò mi sí bíbá àwọn tó ti gbà á síṣẹ́ rí sọ̀rọ̀.

N kò lo nọ́ńbà tó kọ fún mi nìkan, torí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè gbé e kó pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá. Mo wá nọ́ńbà ilé ẹ̀kọ́ tó ní òun ti ṣiṣẹ́ fúnra mi. Mo tún pe ìyá kan tó gbà á rí. Obìnrin náà yìn ín gan-an, ó ní ó mọ̀wé, kì í pẹ́ dé. Mo wá bi í pé, "Ṣé ẹ lè gbà á padà lónìí?" Ó dákẹ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò ní fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì gba ọkùnrin náà. N kò rí ẹ̀rí kankan, n kò sì bà á lórúkọ jẹ́ níbì kankan, ṣùgbọ́n òbí kò nílò ẹ̀rí ilé ẹjọ́ kó tó sọ pé rárá.

Ẹni kejì tí mo wádìí bákan náà ni mo gbà. Ojú ọmọ ni mo ti ka òfin ilé fún un: pálọ̀ ni wọn yóò ti máa kàwé, àgbàlagbà yóò wà nílé, fóònù mi ni gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ yóò máa bá wọlé, kò sì sí ẹ̀bùn tí n kò mọ̀ sí. Kó tó di pé mo parí, òun fúnra rẹ̀ ti ń béèrè bóyá a lè gbé tábìlì síbi tí gbogbo wa ti lè rí wọn. Ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ ju ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ. Ó mọ̀ pé òfin náà ń dáàbò bo òun pẹ̀lú.

Mo sọ fún ọmọ mi pé kò sí àgbàlagbà tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kó fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi, tíṣà ni o, ẹbí ni o. Mo máa ń gba pálọ̀ kọjá láìsọ tẹ́lẹ̀. Ìwé ọlọ́pàá kò sì sọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, nítorí náà mo ti bá tíṣà sọ ọ́ pé lọ́dọọdún ni n ó máa béèrè tuntun. Ó ní kò burú.